Kajú Ṣábẹ̀ tí kò bó mi létè

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) mọ̀ pé n kì í fi eyín bó máńgòrò. Bí èèpo rẹ̀ bá kan ètè mi lónìí, tó bá fi máa di ọ̀la tàbí ọ̀tunla, ètè náà á ti wú, á máa yún mi, lẹ́yìn náà á wá bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àmọ́ kí ẹlòmíràn bá mi bó o, kó fọ̀ ọ́, kó gé e sínú abọ́, màá jẹ ẹ́ kan kóró, nǹkan kan kò ní ṣe mí. Èèpo yẹn àti oje ìdí rẹ̀ ni a jọ ní ìjà. Ìdí tí mo fi ń fi èyí ṣáájú ni pé ẹbí kan náà ni kajú àti máńgòrò, oró tó sì wà nínú èèpo kóró kajú ju ti máńgòrò lọ dáadáa. Tí mo bá wá sọ fún yín pé kajú ilé ìtajà kan mọ́, ojú nìkan kọ́ ni mo fi wò ó.

Kéèkì ni iṣẹ́ mi, pẹ̀lú bísíkítì àti ṣinṣín, nítòsí ọjà Ouando. Kajú fífọ́ ni mo ń lò jù, torí kò sẹ́ni tó máa wá olódindi nínú kéèkì tí wọ́n ti gé. Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀pà lọ. Wọ́n ní ẹ̀pà ti di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ọkọ àbúrò mi tó ń wa ọkọ̀ láàárín Kútọnu àti Parakou ló máa ń bá mi rà á lọ́nà, níbi tó bá ti rí i. Nígbà míì ó dára, nígbà míì èmi àti ètè mi la máa mọ̀ ọ́n. Ní àsìkò kajú tó kọjá, mo ní kó gbé mi dání, mo sì sọ̀ sí Ṣábẹ̀ (Savè), ìlú kan lójú ọ̀nà yẹn.

Ilé ìtajà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ńlá, níbi tí èèyàn ti lè rí àwọn òkè àpáta ìlú náà kedere. Pátákó rẹ̀ kò ní orúkọ. Èso kajú pupa kan ni wọ́n kùn sí i, kóró rẹ̀ so rọ̀ nísàlẹ̀. Ìyá tó ni ín ti lé lọ́gọ́ta ọdún lójú tèmi, Ìyá Oníkajú sì ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè é. Èdè Ṣábẹ̀ ló ń sọ, èmi ń sọ ti Àjàṣẹ́, a sì gbọ́ ara wa yé, àfi níbi tó bá ti ń bínú tó wá ń sáré sọ̀rọ̀.

“Ẹ kú ìrìn o, àbúrò mi. Olódindi ni àbí fífọ́?”

Mo ní fífọ́ ni mà. Ó wò mí lókè délẹ̀, ó ní, “Oníkéèkì ni yín.” Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo ní kó jẹ́ kí n rí ẹ̀yìnkùlé kí n tó sanwó. Kò janpata. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé kí n má bọ́ bàtà o, nígbà tó rí i pé mo ti ń bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Epo èèpo kajú ti rin ilẹ̀ ibẹ̀ gbingbin, ẹsẹ̀ lásán kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé epo yìí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Èèpo kóró kajú ní ìpele méjì, inú àyè tó wà láàárín méjèèjì ni epo dúdú kan tó ki wà. Ó ń jó awọ ara, ó ń mú kó lé ròrò. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń rà á láti fi ṣe ọ̀dà àti bíréèkì ọkọ̀, ẹ fojú inú wo ohun tí wọ́n ń fi ṣe bíréèkì lórí ètè èèyàn. Àwọn tó ń yan kajú lẹ́bàá ọ̀nà máa ń da kóró sínú àgbá tí wọ́n là sí méjì, wọ́n á dáná sí i nídìí títí epo náà á fi gbiná. Èéfín rẹ̀ ń ta ojú, ó ń ta ọ̀nà ọ̀fun, ó sì burú fún ẹni tó dúró tì í ju fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Wọ́n á da omi tàbí iyẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n á wá fi òkúta pa á. Ọwọ́ kan náà tó pa èèpo ló ń mú ọmọ inú jáde, ibẹ̀ ni epo ti ń kàn án. Ẹ máa rí àmì pupa rẹ́súrẹ́sú lára rẹ̀, ẹ óò rò pé iná ló jó o níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á jẹ ẹ́, wọn ò ní mọ nǹkan kan. Èmi a mọ̀ ní ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìnkùlé Ìyá Oníkajú, wọn kì í yan án pẹ̀lú èèpo rárá. Tí wọ́n bá ra kóró lọ́wọ́ àgbẹ̀, oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń sá a sí fún ọjọ́ 2 sí 3. Wọ́n á sẹ́ ẹ kí ńlá àti kékeré má bàa pọ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ooru omi sè é nínú ìkòkò irin kan tó dé pinpin, wọ́n á tú u dà sílẹ̀ kó tutù di ọjọ́ kejì. Èyí ló ń mú kí èèpo le tó sì rọrùn láti là, tí ọmọ inú kò fi ní fọ́ jù. Àwọn obìnrin mẹ́fà kan jókòó sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó ní abẹ méjì tó tẹ̀ kọrọdọ gẹ́gẹ́ bí ìrísí kóró náà. Ẹni kan á fi kóró sí i, á tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, èèpo á là. Ẹnì kejì tó kọjú sí i á fi ọ̀bẹ ṣóńṣó tú ọmọ inú jáde. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó fi òróró pa ọwọ́ dípò rẹ̀, ó ní ìbọ̀wọ́ ń mú òun lóoru. Ìyá pariwo mọ́ ọn níṣojú mi. Ibi tí n kò ti gbọ́ èdè rẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Ohun tí mo lọ síbẹ̀ lọ rí, lẹ́yìn ògiri ló wà. Yàrá kejì ni, pẹ̀lú tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, àwọn obìnrin míì ló sì jókòó síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń là èèpo tó gbọ́dọ̀ wọ yàrá yìí kí ó tó fọ ọwọ́, kí ó sì pààrọ̀ aṣọ. Inú ààrò ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé ọmọ inú sí kó gbẹ, kí awọ pupa fẹ́lẹ́ ara rẹ̀ lè tú. Wọ́n á wá fi ọ̀bẹ kékeré họ èyí tó kù lára rẹ̀. Wọ́n á ṣà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: olódindi ńlá, olódindi kékeré, èyí tó là sí méjì, èyí tó fọ́, àti wóóro tí wọ́n ń lò fún ọbẹ̀. Èyí tí epo èèpo bá ti kàn, kódà bó jẹ́ àmì tóótó, ọ̀tọ̀ ni igbá rẹ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe. Ó ní òun ń tà á fún àwọn tó ń tún un yan ní ìgboro. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin náà ti jẹ ẹ́ rí.” Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́.

Lára àpò tí wọ́n ti dì fún àwọn oníbàárà ńlá, ẹ lè rí i tí wọ́n kọ W320 tàbí W240 sí i. Iye olódindi tó máa pé pọ́n-ùn kan ni nọ́ńbà yẹn, pọ́n-ùn kan sì jẹ́ gíráàmù 454. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ọmọ inú ṣe tóbi tó. W180 ni èyí tí wọ́n ń fi ṣe fáàrí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta á fún yín torí adùn o. Adùn kan náà ni.

Adùn wá ńkọ́? Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n ń tà ní yíyan. Èyí tí wọn ò fi nǹkan kan sí ló dára jù, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó dọ́gba láti òkè délẹ̀. Tí o bá fi eyín kàn án á kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà á rọ̀ lẹ́nu, adùn rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn tí o ti rò pé ó tán. Oníyọ̀ náà dára, iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, omi iyọ̀ ni wọ́n fi rẹ ẹ́ kí wọ́n tó yan án, kì í ṣe pé wọ́n wọ́n iyọ̀ lé e lórí tó wá ń jábọ́ sísàlẹ̀ ìgò. Alátalẹ̀ àti ata ni ẹ̀kẹta. Atalẹ̀ ti bo kajú mọ́lẹ̀ pátápátá níbẹ̀. Tó bá jẹ́ atalẹ̀ ni mo fẹ́ jẹ, mo mọ ibi tí wọ́n ń tà á. Ẹ̀kẹrin, oníṣúgà, ẹ fi í sílẹ̀. Nínú oòrùn ọ̀nà Kútọnu ó yọ́, ó lẹ̀ mọ́ra wọn, nígbà tí mo dé Àjàṣẹ́ òkúta kan ṣoṣo ni mo bá nínú ọ̀rá.

Mo jẹ èyí tí wọn ò fi nǹkan sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í pa ètè bí ẹni tó ń kun àtíkè. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, kò sí nǹkan kan. Nípa tèmi, ẹ̀jọ́ parí níbẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ètè mi yàtọ̀ sí ti ẹni tí ara rẹ̀ kọ ọmọ inú kajú fúnra rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ètè tó bó: ọ̀nà ọ̀fun lè wú, èémí lè há, ó sì lè pa èèyàn, bó ti wù kí wọ́n fọ èèpo kúrò tó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Kí ó sì ṣọ́ra fún písíṣì, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní pistache, torí ẹbí kajú ni, ara tó bá kọ ọ̀kan sábà máa ń kọ èkejì. Mo sọ fún Ìyá Oníkajú, ó ní òun kò tà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbada kan náà ni wọ́n fi ń yan ẹ̀pà àti kajú, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí kí ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà lè mọ̀. Ìyẹn kò dára, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ẹbí yìí pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ìyeyè wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọdé ń ṣà nísàlẹ̀ igi nígbà òjò. Ìyẹ̀fun pupa tó kan díẹ̀, súmákì, tí àwọn ará Lẹ́bánónì ń wọ́n sórí sàláàdì àti ẹran yíyan, ẹbí rẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà ewéko kan wà nínú ẹbí náà tó ń fà mọ́ igi, ẹni tó bá kàn án nínú igbó á máa họ ara fún ọ̀pọ̀ ọjọ́; oró tirẹ̀ àti ti èèpo kajú sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Igi kajú gan-an, àlejò ni láàárín wa. Apá àríwá-ìlà-oòrùn Bràsíl ni ilé rẹ̀, àwọn Potogí ló sì gbé e kiri lọ sí Áfíríkà àti Íńdíà láàárín ọdún 1500 sí 1600. Àwa ará Àjàṣẹ́ tí àwọn ìdílé àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn ti Bràsíl dé, kún àárín wa, ọ̀rọ̀ ohun tó ti Bràsíl wá kò lè yà wá lẹ́nu.

Ẹbí náà pé jọ sórí pẹpẹ ilé ìtajà yìí ju bí ìyá fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ, torí ó ń ta máńgòrò gbígbẹ náà. Ibẹ̀ ni mo ti bá a wí jù. Wọ́n gé máńgòrò náà tinrin, ó dùn, wọn ò fi ṣúgà sí i, ṣùgbọ́n èèpo ṣì wà létí àwọn kan. Ẹni tó ń ṣọ́ èèpo kajú bí ẹni ń ṣọ́ olè, tó wá ń fi èèpo máńgòrò sílẹ̀! Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹ ẹ́ tèèpotèèpo. Mo dá ọ̀rá náà padà fún un.

Omi kajú ńkọ́? Àsìkò nìkan ni wọ́n ń ṣe é, láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, torí èso kajú kì í dúró. Tí wọ́n bá já a láàárọ̀, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti ń jẹrà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ fi máa ń yọ kóró, tí wọ́n á sì fi èso sílẹ̀ nídìí igi. Níbí, wọ́n ń fún un, wọ́n ń fi ògì gbágùúdá sí i kí ohun tó ń fa ahọ́n lè rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á sì fi omi gbígbóná sè é pẹ̀lú ìgò náà. Èyí tí mo mu mọ́ gaara, ó tutù, ó sì dùn títí dé ìparí, níbi tó ti fa ahọ́n mi díẹ̀. N kò kórìíra rẹ̀. Ìgò kan tó jẹ́ fráǹkì 500 ni ó wọ́n lójú mi, nígbà tí èso kún ilẹ̀ oko.

Ọmọbìnrin tó ń tà á kọ̀ láti gbé e fún mi. Ó ti rí wàgàsì díndín, wàrà dídì àwọn Fúlàní, lọ́wọ́ mi. “Màmá, ẹ ti jẹ wàrà. Ẹ má mu ún, ẹ máa kú.” Gbogbo wa ni wọ́n sọ ọ́ fún nígbà kékeré. Omi kajú máa ń kan lẹ́nu, ó sì ń fa ahọ́n, nítorí náà tó bá kan wàrà tútù, wàrà á dì. Ṣùgbọ́n wàrà tó dé inú ikùn, dídì náà ló ń dì. Wàgàsì tó wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú, àwọn obìnrin Fúlàní ti fi bọ̀mùbọ̀mù dì í kí wọ́n tó kùn ún ní pupa. Kí ló wá kù tí kajú fẹ́ ṣe sí i? Mo ní kó gbé ìgò wá. Ó gbé e wá, ó sì dúró wò mí mu ún tán, pẹ̀lú ojú àánú.

Owó wá kù. Kílò olódindi yíyan jẹ́ fráǹkì 7,000, fífọ́ jẹ́ 4,000. Mo mọ̀ pé ẹ óò pariwo. Kóró tútù kílò 4 sí 5 ló ń di kílò kan ọmọ inú, ẹ wá ka iye ọwọ́ tó kàn án láti ìgbà tó ti kúrò lóko. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kó kóró tútù wa lọ sí Íńdíà àti Vietnam pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kí ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ lè jẹ èrè iṣẹ́ yìí. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó o jáde ní tútù. Mo rò pé inú Ìyá Oníkajú á dùn sí i. Ó ní inú òun dùn, àmọ́ ó tún dun òun díẹ̀, torí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní agbègbè ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé náà ń wá kóró, owó wọn sì gùn ju tòun lọ.

Ohun míì tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: kò sí ọjọ́ kankan lára ọ̀rá tàbí ìgò. Epo pọ̀ nínú kajú, tí afẹ́fẹ́ àti ooru bá ń kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, á sì máa kan lẹ́nu. Oníkéèkì tó bá ra kílò mẹ́wàá gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí wọ́n yan án. Ìyá ní kí n bi òun léèrè, òun á sọ fún mi. Ó dáa, ṣùgbọ́n ọkọ àbúrò mi kì í béèrè nǹkan. Ṣéńjì pẹ̀lú kì í sí níbẹ̀; ẹ fi owó sórí fóònù, ẹ ó yára kúrò.

Tí ẹ bá fẹ́ fífọ́, ẹ ní kí wọ́n bù ú fún yín nínú igbá yàrá kejì, kì í ṣe inú ọ̀rá tó ti wà lórí pẹpẹ. Èyí tó wà nínú igbá ló jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ rà á láìyan bó bá jẹ́ kéèkì lẹ fẹ́ fi ṣe, torí ààrò yín á tún yan án. Ẹ dé kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán. Lẹ́yìn ìyẹn àwọn obìnrin á ti máa fọ ọwọ́ wọn láti lọ sílé, kò sì sẹ́ni tó máa tún bù nǹkan kan fún yín.